Ta Ló Ni Àwòrán Yìí? Àyẹ̀wò Sítáǹpù Ìrántí àti Ogún Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, láti orí Tánganran Jos dé orí Idẹ Ifẹ̀

Ìfáàrà

Ní ọdún 1956, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá bẹ ilẹ̀ Nàìjíríà wò. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba fẹ́ fi sítáǹpù ṣe ìrántí ìbẹ̀wò náà, ṣùgbọ́n wọn kò ya àwòrán tuntun. Sítáǹpù kọ́bọ̀ méjì tí wọ́n ti ń tà láti ọdún 1953 ni wọ́n mú, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kéde ìbẹ̀wò ọba àti ọdún rẹ̀ lé e lórí. Iṣẹ́ ìwakùsà tánganran ni ó wà lára sítáǹpù náà tẹ́lẹ̀. Orí Òkè Jos níbí ni a sì ti ń wa èyí tí ó pọ̀ jù nínú tánganran Nàìjíríà. Báyìí ni ọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Jos ṣe di ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò.

Ìbéèrè tí bébà kékeré yìí gbé dìde ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Nígbà tí ìjọba bá tẹ àwòrán kan jáde, tí ó sì pè é ní ogún orílẹ̀-èdè, ta ló ni ogún náà, ta sì ni wọ́n dárúkọ? Èrò wa ni pé láti ọdún 1935 títí di àkókò FESTAC ní 1977, ohun tí sítáǹpù Nàìjíríà ń gbé lárugẹ yí padà: ó kúrò lórí ọjà tí a lè kó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bọ́ sórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà sọ̀rọ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ohun han ayé láì dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, àti láì fi èdè ẹni tí ó ni ín pè é. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la níṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣa sítáǹpù jọ nìkan. Ohun tí a bá pè ní ogún lójú ọmọ ilé-ìwé ni yóò máa pè bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà.

Bébà kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá

Irú sítáǹpù méjì ni a ó mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni sítáǹpù ojoojúmọ́, èyí tí ìjọba ń tẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkejì ni sítáǹpù ìrántí, èyí tí a tẹ̀ fún ọjọ́, ènìyàn tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, tí a sì máa ń tà fún ìgbà díẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè rò pé inú èyí ìkejì nìkan ni ọ̀rọ̀ ogún orílẹ̀-èdè wà, ṣùgbọ́n sítáǹpù ojoojúmọ́ ni ó ń dé ọwọ́ púpọ̀ jù, òun náà ni ó sì ń fi ohun tí ìjọba kà sí ti ara rẹ̀ hàn láìpariwo. Nítorí náà a ó ka méjèèjì pọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ tẹ sítáǹpù, ní ọdún 1840, títí di òní kò sì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí i lára. Orí ọba nìkan tó fún un. Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáǹpù tirẹ̀ ní 1874, orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, orí Ọba George Karùn-ún ni ó wà lára sítáǹpù Nàìjíríà. Nígbà tí a wá dé orí sítáǹpù ìrántí, ní 1935, tí ọba náà pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè, ààfin Windsor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yà sí i. Ilé tí ọmọ Nàìjíríà kò kọ́, tí kò sì gbé, ni a kọ́kọ́ ní kí ó máa rántí.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Ní 1968, nígbà tí Biafra ń sọ fún ayé pé òun ti di orílẹ̀-èdè, ó yára tẹ sítáǹpù tirẹ̀, ó sì tún tẹ orúkọ rẹ̀ lé sítáǹpù ẹranko Nàìjíríà lórí. Ìjọba tí ogun ká mọ́ kò ní bébà ṣòfò. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ orúkọ sí ohun kan lára ti sọ pé òun ló ni ín. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Tánganran: ohun tí a yà àti ohun tí a kò yà

Ní 1936, sítáǹpù ojoojúmọ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwòrán ilẹ̀ yìí. Èbúté Apapa wà níbẹ̀, kòkó wà níbẹ̀, gẹdú, ilé iṣẹ́ òwú, màlúù Fúlàní àti igi ọ̀pẹ. Lórí èyí tí a ń ta ní kọ́bọ̀ kan àti épìnnì, ẹ̀rọ ìwakùsà tánganran ni wọ́n yà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe tò ó. Orí ọba wà ní apá kan, ọjà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí díẹ̀, bí àpẹẹrẹ ilé ìkírun Habe àti abúlé àwọn apẹja, ìwé ìpolówó ọjà ni gbogbo wọn jọ: èyí ni a rí kó ní ilẹ̀ yìí, ibí ni a sì ń gbà kó o lọ.

Ẹ̀rọ ni akọni inú àwòrán tánganran náà. Bí a bá tẹ̀ lé e, a ó gbà pé ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé tánganran wà ní ilẹ̀ yìí. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn Òyìnbó awakùsà tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti ń yọ́ tánganran, pàápàá ní Liruein Delma, wọ́n sì ń tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Haúsá. Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i. Kuza ni Haúsá ń pe tánganran inú ilẹ̀. Nínú Yorùbá, iṣẹ́ wíwa ohun àmúṣọrọ̀ láti inú ilẹ̀, ìbáà jẹ́ wúrà tàbí èédú, ìwakùsà ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè méjèèjì kò lè ṣàì rí ìbátan kuza àti kùsà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sọ ìtàn òwò àti ìrìn àjò ju sítáǹpù ẹ̀rọ náà lọ.

Ohun kejì tí a kò yà ni ọwọ́ ènìyàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn tí Japan gba ilẹ̀ Malaya ní 1942, tánganran di ọ̀wọ́n fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ipá kó àwọn àgbẹ̀ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ Àríwá wá sí ibi ìwakùsà Òkè Jos. A ṣírò iye wọn sí nǹkan bí 100,000. Ọ̀pọ̀ wọn ṣàìsàn, àwọn mìíràn kú. Àwọn Berom àti àwọn aládùúgbò wọn pàdánù ilẹ̀ oko, àwọn kòtò olómi tí ìwakùsà fi sílẹ̀ ṣì ń gbé ènìyàn mì títí di òní. Nígbà tí tánganran tún farahàn lórí sítáǹpù ní 1953, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìyà yìí, ọjà ni a ṣì pè é. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni wọ́n tẹ orúkọ ìbẹ̀wò ọba lé e lórí.

Ohun kẹta ni ó yani lẹ́nu jù. Inú ilẹ̀ tí a ń wú nítorí tánganran yìí náà ni ère amọ̀ Nok ti jáde. Ní 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ rí díẹ̀ nínú wọn níbi ìwakùsà kan ní abúlé Nok. Ní 1943, ní agbègbè Jema'a, wọ́n rí orí amọ̀ kan tí wọ́n gbé kọ́ sínú oko iṣu láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ. Wọ́n gbé e wá fún Bernard Fagg ní Jos níhìn-ín, òun ni ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó àwọn ère náà jọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí a ṣí ní 1952 ti inú iṣẹ́ yẹn jáde. Nígbà tí wọ́n ń tẹ sítáǹpù ẹ̀rọ ní 1936, ère tí ọjọ́ orí wọn lé ní 2,000 ọdún ti ń bá tánganran jáde láti inú ilẹ̀. Ẹni tí ó yan àwòrán rí ẹ̀rọ, kò rí ère. A kò lè dá a lẹ́bi pé kò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kò tíì mọ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: ohun tí ojú bá ń wá ni ojú ń rí.

Láti orí ọjà bọ́ sórí ogún

Ní 1953 kan náà, orí Ifẹ̀ dé orí sítáǹpù sísì. Ìgbésẹ̀ ńlá ni èyí jẹ́. Ọdún márùndínlógún ṣáájú ni wọ́n hú àwọn orí tí ó lókìkí jù jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ Òyìnbó kò sì gbà nígbà yẹn pé aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe wọ́n. Sítáǹpù náà gbé ìdáhùn káàkiri ayé lórí àpò ìwé. Ó tọ́ kí a yìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lára rẹ̀. “Ife Bronze” ni wọ́n pè é. Bronze ni àpòpọ̀ bàbà àti tánganran. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ sì fi hàn pé bàbà tí a pò mọ́ síǹkì àti òjé ni púpọ̀ nínú àwọn orí Ifẹ̀. Àwọn mìíràn, bí ojú Ọbalùfọ̀n, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Orúkọ tí Yorùbá ní fún wọn, idẹ àti bàbà, sún mọ́ òtítọ́ ju orúkọ tí ó wà lórí sítáǹpù lọ. Ó wá di ohun ẹ̀rín: nínú ọ̀wọ́ sítáǹpù kan náà, a yọ tánganran kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, a sì fi í sínú orí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní in.

Ọ̀wọ́ ti 1961, lẹ́yìn òmìnira, ni ó dára jù lójú tiwa. Orí ọba Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀pà àti èédú ṣì wà, ṣùgbọ́n ìkòkò mímọ, aṣọ híhun, ojú Benin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ẹ̀kọ́ àwọn àgbà wọlé pẹ̀lú. Lórí sítáǹpù tọ́rọ́, wọ́n ya agbẹ́gilére Ọ̀yọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ohun wọ inú àwòrán wàyí. Síbẹ̀, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, kí agbẹ́gilére má ní orúkọ kò bá ìṣe wa mu. Ilẹ̀kùn tí Olówè Ìṣẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn ní Wembley ní 1924, ó wà ní British Museum dòní. Ó pẹ́ kí àwọn òǹwòran ibẹ̀ tó mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nílé, ní 1988, nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀. Oríkì ṣe ohun tí sítáǹpù kò ṣe.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa pé ọdún kan gẹ́gẹ́ bí olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, ní 1964, wọ́n tẹ sítáǹpù ìrántí mẹ́ta: Ààrẹ Azikiwe, Herbert Macaulay, àti Ọba Jaja ti Opobo. Ìgboyà wà nínú èyí. Jaja tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ìgbèkùn ní 1887 padà sílé lórí sítáǹpù ṣílè méjì àti sísì. Orúkọ wà lára wọn wàyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó ní orúkọ: olóṣèlú àti ọba. Kò sí obìnrin láàárín wọn, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ tún padà ní 1971, nínú ọ̀wọ́ tí a fi yẹ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ojú Ibibio kan, idẹ Benin kan àti idẹ Ifẹ̀ kan ni a rí. Ohun ni wọ́n, wọn kò ní alágbára lẹ́yìn.

FESTAC ti 1977 fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ojú Ìyá Ọba Idia, tí a fi eyín erin gbẹ́, ni àmì ayẹyẹ náà. Erhabor Emokpae ni ó ya àmì ọ̀hún, ó sì wà lára sítáǹpù ìrántí. Ojú náà gan-an wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o ní Benin ní 1897, wọn kò sì gbà láti yá wa. A ya àwòrán ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa, a fi ránṣẹ́ káàkiri ayé, sítáǹpù náà kò sì sọ ibi tí ohun náà wà.

Èdè tí ogún ń gbọ́

Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí a fi kọ àlàyé sára gbogbo sítáǹpù tí a ti yẹ̀ wò yìí. Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn ní orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó Náírà tí ó wà lápò wa dá wọn lóhùn: Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá wà lára rẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ná an. Ní oṣù Kejìlá 1922, Ireland tẹ sítáǹpù tirẹ̀ àkọ́kọ́. Èdè Irish ni wọ́n fi kọ orúkọ orílẹ̀-èdè náà sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé sítáǹpù ń sọ irú ẹni tí a fẹ́ jẹ́.

Ọdún FESTAC náà ni ìjọba gbé Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde, tí ó sì ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ọwọ́ kan ìjọba ń sọ fún olùkọ́ pé kí ó fi èdè ilé kọ́ ọmọ, ọwọ́ kejì ń fi ogún ilé han ọmọ náà ní èdè àjèjì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; nínú sítáǹpù, ilé àlejò ni a wò.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Kí ni àìdárúkọ ń ṣe lára? Ẹ jẹ́ kí a padà sí Nok. Àwọn olè ti hú ère Nok láìgbàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti tà wọ́n sí òkè òkun. Àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé, ICOM, fi wọ́n sínú àkọsílẹ̀ ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà nínú ewu jíjí. Ìjọba Faransé ra ère Nok àti Sokoto mẹ́ta lọ́wọ́ oníṣòwò ní ìparí ọdún 1990 síwájú. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, ní 2002, Faransé gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, Nàìjíríà náà sì gbà kí wọ́n yá wọn fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos pàápàá kò bọ́: àwọn olè wọ ibẹ̀ ní 1987.

A kò sọ pé sítáǹpù ni ó fa olè jíjà. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ oníṣòwò àti ọ̀rọ̀ sítáǹpù jọ ara wọn. Àwọn méjèèjì ń sọ irú ohun tí a ń wò, wọn kì í sọ ti ta ni. Ohun tí kò ní ilé nínú ọ̀rọ̀ rọrùn láti gbé kúrò nílé. Bí ọmọ abúlé Nok bá ti kọ́ ní ilé-ìwé pé ère yìí ní orúkọ, ní ibi tí a ti rí i, ó sì ní àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ, yóò ṣòro fún alágbàtà láti fi owó díẹ̀ tàn án.

Ìdáhùn sí àtakò

Àwọn kan lè sọ pé sítáǹpù kéré jù láti gbé ìtàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni “Ife Bronze”. Ọ̀rọ̀ méjì náà ni “Idẹ Ifẹ̀”. Ààyè kò dín kù. Àwọn mìíràn lè sọ pé ta ni ó tún ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lóde òní. Ní tòótọ́, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tà. Bí iṣẹ́ sítáǹpù gẹ́gẹ́ bí owó ìfìwéránṣẹ́ ti ń dín kù ni iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrántí ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá rà á lónìí, ìtàn ni ó rà. Ó wá tọ́ kí ìtàn náà pé.

Nínú kíláàsì wa

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò gba owó ńlá. Kí ó fi àwòrán sítáǹpù kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Kí ni èyí ní èdè àwọn tí ó ni ín? Níbo ni ó ti wá? Ta ni ó ṣe é, kí ni a sì ń fi í ṣe? Níbo ni ó wà lónìí? Èyí tí sítáǹpù kò bá dáhùn ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní Jos, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ìbéèrè wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n wo ère Nok fúnra wọn, kí wọ́n sì wo àwọn ilé ìbílẹ̀ tí Dmochowski ṣètò kíkọ́ wọn síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya sítáǹpù ìrántí kan fún ìlú rẹ̀, kí ó sì fi èdè ilé rẹ̀ kọ ọ́. Ọmọ Berom lè ya Nzem Berom, ọmọ Ngas lè ya Pusdung, ọmọ Tarok àti ọmọ Mwaghavul yóò mọ èyí tí wọn yóò mú wá. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Jos lè ya obìnrin alárò tàbí babaláwo, ṣùgbọ́n kí ó bi ìyá rẹ̀ léèrè orúkọ kí ó tó kọ ọ́. Ọ̀nà kan nìyí tí èdè púpọ̀ fi lè wà nínú kíláàsì kan láìjà.

Ìkádìí

A ti rí i pé sítáǹpù Nàìjíríà rìn láti ààfin Windsor dé orí ẹ̀rọ tánganran, láti orí ẹ̀rọ dé orí idẹ Ifẹ̀ àti ojú Idia. Ìrìn náà dára, àwọn tí ó yan àwòrán ti 1961 àti 1964 sì yẹ fún ọpẹ́. Ohun tí ó kù ni orúkọ. Àbá wa fún ilé iṣẹ́ NIPOST ni pé kí sítáǹpù ìrántí tí ó bá ń bọ̀ máa gbé orúkọ ohun náà ní èdè àwọn tí ó ni ín, pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Àbá wa fún àwọn aṣojú tí ó wà níbí ni pé kí a má dúró de NIPOST. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Olùkọ́ ni ó sì sún mọ́ orísun jù.